Alùpùpù àtijọ́ láti Japan: Ta ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbè nínú àwọn tó ń sọ ọ́ di 'cafe racer'?

Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni ìlànà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkọ̀ àti alùpùpù àtijọ́. Àjọ DVLA, tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, sọ pé ẹni tó bá tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, tó dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́, kò nílò láti fi tó àjọ náà létí mọ́. Ẹni tó bá sì ṣe àyípadà ńlá sí ara ọkọ̀ náà ṣì lè di nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ mú, tó bá ṣáà ti sọ ohun tó ṣe fún àjọ náà.

Létí ẹni tí ọ̀rọ̀ alùpùpù kò kàn, ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyẹn. Àmọ́ fún àwọn tó ń ra Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń tú u palẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di alùpùpù eré tí wọ́n ń pè ní 'cafe racer', nọ́ńbà yẹn ni owó. Òun ló ń fi ọjọ́ orí alùpùpù hàn. Ọjọ́ orí yẹn ló sì ń sọ bóyá yóò wọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí yóò máa san £12.50 lójúmọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní 'cafe racer'?

Ẹ̀bá títì ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Ace Cafe lójú ọ̀nà North Circular ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tún un kọ́ lọ́dún 1949. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ogun, ibẹ̀ ni wọ́n ń gun alùpùpù wọn wá lálẹ́. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á sì bá ara wọn sáré lójú títì. Ohun tí wọ́n ń lé ni máìlì 100 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 160.

Kí alùpùpù tó lè sá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń yọ ohunkóhun tó bá ń mú un wúwo kúrò. Wọ́n ń rẹ ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún lè dọ̀bálẹ̀ lé táńkì. Wọ́n ń ti ibi ìtẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi ìjókòó ẹnì kan rọ́pò ti ẹni méjì. Àwọn kan tiẹ̀ ń yọ ẹ́ńjìnnì Triumph, wọ́n á gbé e sínú férémù Norton, wọ́n á wá pe àdàlù náà ní Triton.

Ọdún 1969 ni wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa. Ó di ọdún 2001 kí wọ́n tó tún un ṣí pátápátá, àwọn ọlọ́kọ̀ àti alálùpùpù sì ń pàdé níbẹ̀ títí dòní.

Báwo ni Japan ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ọdún 1969 yẹn kan náà ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ta CB750. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́rin, bíréèkì iwájú rẹ̀ jẹ́ ti dísìkì, bọ́tìnnì lèèyàn sì lè fi tan án. Àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò ní irú rẹ̀ ní iye owó tó sún mọ́ ọn. Kawasaki tẹ̀ lé e pẹ̀lú Z1 lọ́dún 1972. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ BSA, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá nídìí alùpùpù, fi wó. Ilé iṣẹ́ Triumph tó wà ní Meriden náà ti ilẹ̀kùn lọ́dún 1983.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí bìrí. Alùpùpù tó lé ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́jà ni àwọn èèyàn ń wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún lónìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ará Japan ṣe alùpùpù wọn lọ́pọ̀ yanturu, irin rẹ̀ lágbára, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà. Àpẹẹrẹ kan ni Honda CX500 tó jáde lọ́dún 1978. Àwọn onílétà ìlú Lọ́ńdọ̀nù gùn ún káàkiri, àwọn èèyàn sì ń fi ìrísí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí pé kò lẹ́wà ni kò fi wọ́n nígbà náà. Bí kò ṣe wọ́n yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe cafe racer yà sí i, tó fi di ààyò wọn.

Ìlú Sydney ní Australia wà lára ibi tí àṣà yìí ti di òwò ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Deus Ex Machina sílẹ̀ lọ́dún 2006, tí wọ́n ń tún Yamaha SR ṣe fún títà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí i pé owó wà níbẹ̀. Triumph gbé Thruxton jáde lọ́dún 2004, Royal Enfield gbé Continental GT jáde lọ́dún 2013. Yamaha fúnra rẹ̀ ń ṣe SR400 láti ọdún 1978 títí di ọdún 2021, kí òfin èéfín ní Japan tó fòpin sí i.

Ohun tí ojú kì í rí nínú iṣẹ́ náà

Nínú àwòrán, táńkì tó ń dán àti ìjókòó aláwọ ni èèyàn máa ń rí. Àmọ́ owó kì í parí síbẹ̀. Alùpùpù tó ti wà nílẹ̀ fún ogún ọdún ti dípẹtà nínú táńkì. Epo tó gbẹ sínú kábúrétọ̀ ti dí àwọn ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, CB750 sì ní kábúrétọ̀ mẹ́rin tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ bákan náà. Rọ́bà ti gan, wáyà ti jẹrà, ọ́ìlì bíréèkì ti dípọ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kó tó ná kọ́bọ̀ sórí ọ̀dà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, ọ̀dà kò lè wò ó sàn.

Irú alùpùpù kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn tirẹ̀. Lára CX500, ẹ̀yà tó ń ṣe iná wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tó fara sin. Bó bá jóná, àfi kí wọ́n sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó rà á lówó pọ́ọ́kú lè wá rí i pé owó iṣẹ́ ju owó alùpùpù lọ.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni àpótí tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Wọ́n á yọ ọ́ sọnù nítorí pé kò lẹ́wà, wọ́n á fi asẹ́ kéékèèké rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, písítìnì sì lè lu. Ẹni tó bá yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà gbọ́dọ̀ yí ti epo náà padà.

Èyí tó léwu jù ni gígé ẹ̀yìn férémù. Kí ìjókòó lè kúrú kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n máa ń gé irin ẹ̀yìn, wọ́n á wá jó irin tó tẹ̀ kọrọdọ mọ́ ọn. Bí wẹ́dà bá gé e kọjá ibi tí ṣọ́ọ̀kì so mọ́, tàbí tí ìjó rẹ̀ kò wọnú irin dáadáa, alùpùpù náà lè ṣẹ́ nígbà tó bá wọ kòtò. Ibi gígé yìí gan-an ni òfin náà ń wò.

Ibo ni òfin ti ń ká wọn mọ́?

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni owó èéfín tí wọ́n ń pè ní ULEZ ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Alùpùpù tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín Euro 3, èyí tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ lára àwọn tó jáde ṣáájú ọdún 2007 kò dé, gbọ́dọ̀ san £12.50 ní ọjọ́ tó bá wọ ìlú. Àmọ́ èyí tó ti pé ogójì ọdún, tí wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ìtàn, kò ní san kọ́bọ̀. Kò tún ní san owó orí ọkọ̀.

Ìyọrísí rẹ̀ ni pé Honda ọdún 1978 ń wọ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí Honda ọdún 1998 tí èéfín rẹ̀ lè má tó tiẹ̀ ń sanwó. Ó yé ni, nígbà náà, ìdí tí ẹni tó fẹ́ gun cafe racer lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi wá ti ọdún 1970 lọ.

Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT náà rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò nílò rẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá ti ṣe àyípadà ńlá sí i láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ta ló ń sọ pé àyípadà náà ńlá ni tàbí kékeré? Ẹni tó ni alùpùpù fúnra rẹ̀ ló ń kéde rẹ̀.

Ṣáájú ìlànà ọdún 2025, ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q, tí wọ́n ń fún ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dájú. Alùpùpù tó bá gba Q kò lè pe ara rẹ̀ ní ọkọ̀ ìtàn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dákẹ́ lórí ohun tí wọ́n gé. Ní báyìí tí ẹni tó bá sọ òótọ́ lè di nọ́ńbà rẹ̀ mú, ìdí láti purọ́ ti dín kù.

Epo náà ń fún wọn lọ́rùn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di epo tí ilé epo ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ethanol ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un. Ìjọba gba àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ra E5, èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n ti ń yẹ alùpùpù wò, tó fi mọ́ ariwo àti èéfín rẹ̀. Àwọn alálùpùpù fi ọ̀pọ̀ ọdún ta kò ó, àmọ́ ó wáyé.

Ṣé àtúnṣe ni àbí ìbàjẹ́?

Àríyànjiyàn mìíràn wà láàárín àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn. Lọ́dún 2018, ọ̀kan lára àwọn CB750 tí Honda kọ́kọ́ ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an lọ ní owó tó lé ní £160,000 níbi títà ní gbàǹjo. Alùpùpù tó ṣọ̀wọ́n nìyẹn, kì í ṣe gbogbo Honda ló tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó fi hàn pé ohun tó wà ní pípé ló ń níyì sí i. Gbogbo férémù tí wọ́n bá ti gé, kò sí bó ṣe lè padà di odindi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń gé e náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù yìí ì bá ti di àjákù irin bí kò bá sí àwọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, pàápàá fún CX500 tí ẹnikẹ́ni kò náání tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń tọ́jú ìjókòó, táńkì àti ọwọ́ àtijọ́, wọ́n sì ń lo èyí tí wọ́n lè fi bóòtù dè, tí wọ́n á tún lè tú, dípò kí wọ́n gé irin.

Kí ló kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Lágbègbè wa, iṣẹ́ ni alùpùpù wà fún. Lọ́dún 1976, Honda gbé CG125 jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dáa, tí àyè láti tọ́jú ẹ́ńjìnnì kò sì pọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn, wọ́n sì bo ṣéènì rẹ̀ kí iyanrìn má bàa jẹ ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ China ṣe àwòkọ rẹ̀ lóríṣiríṣi. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Ìbàdàn tàbí ti zémídjan ní Cotonou mọ inú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ ìbátan Honda yìí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kábúrétọ̀ ṣe ní Ojúẹlẹ́gbà àti ẹni tó ń tún un ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú tí òfin fi ń wò wọ́n ló yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù ni wọ́n gbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́ túútúú. Ìjọba ní nítorí ìjàm̀bá àti ààbò ìlú ni. Ní Benin àti Togo ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ Spiro ti kó alùpùpù oníbátìrì wọ ìgboro, èyí tí kò ní kábúrétọ̀ rárá.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ?

Ìlànà tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbè àwọn tó mọṣẹ́, nítorí pé wọ́n lè ṣiṣẹ́ wọn ní gbangba. Àmọ́ ó fi ihò ńlá kan sílẹ̀: ọjọ́ orí alùpùpù ni òfin ń bi léèrè, kò béèrè bí ìjó irin rẹ̀ ṣe dúró. Ẹni tó ra cafe racer tí férémù rẹ̀ ti di gígé lè máa gùn ún láìsí pé aláyẹ̀wò kankan fojú kàn án, tí ẹni tó ni ín bá ti kéde pé àyípadà rẹ̀ kò pọ̀. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹ́ lójú títì lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn ni òfin tó le yóò tẹ̀ lé, àti ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan péré fún alùpùpù tí wọ́n bá gé férémù rẹ̀ yóò ná ẹni tó ni ín lówó díẹ̀, yóò sì yọ òun àti ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewu. Ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn béèrè fún nìyẹn, kí ìjọba tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lónìí, kó wo abẹ́ ìjókòó kó tó wo táńkì.