Báwo Ni Ìrẹsì Ṣe Ń Bímọ?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bi wá pé báwo ni ewéko ṣe ń bímọ, ọ̀rọ̀ oyin àti labalábá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìrẹsì tó wà nínú abọ́ wọn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan Bouaké gan-an.

Ìrẹsì máa ń yọ òdòdó. Òdòdó náà kò ní àwọ̀ tó ń dán, nítorí kò retí àlejò kankan. Nínú èèpo kékeré tí hóró máa dàgbà sí, akọ mẹ́fà ló wà tí wọ́n ru lẹ́búlẹ́bú. Abo kan wà láàárín wọn, ó ní ìyẹ́ méjì lórí. Tí oòrùn àárọ̀ bá mú, èèpo á là fúngbà díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á bọ́ sórí ìyẹ́ náà, èèpo á sì padé. Lẹ́búlẹ́bú tó balẹ̀ á yọ okùn tín-ín-rín wọ inú ilé ọmọ lọ, oyún á dúró. Òdòdó kan, hóró kan.

Nítorí pé tọkọtaya ń gbé inú òdòdó kan náà, àgbẹ̀ lè mú irúgbìn láti inú ìkórè rẹ̀, kó sì rí irú kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí kan náà ló mú kó ṣòro láti pa irú méjì pọ̀.

Áfíríkà ní ìrẹsì tirẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ etí odò Ọya ti ń gbìn láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ó máa ń bo ilẹ̀ kíákíá kí koríko má baà ráyè, àmọ́ hóró rẹ̀ tètè máa ń gbọ̀n dànù. Ìrẹsì Éṣíà ń so jù ú lọ, ṣùgbọ́n koríko máa ń borí rẹ̀. Láti 1991, ní M'bé nítòsí Bouaké, àwọn onímọ̀ ADRAO (AfricaRice lónìí), tí Monty Jones ọmọ Sierra Leone ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á yọ akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò kí òdòdó tó là, wọ́n á gbọn lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì kejì lé abo lórí, wọ́n á sì fi àpò bò ó.

Oyún dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àkọ́kọ́ dà bí ìbaaka: àgàn ni wọ́n. Wọ́n ní láti tún fi lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì Éṣíà gbà wọ́n, ìran dé ìran, kí wọ́n sì tọ́ akọ òdòdó nínú ìgò títí ó fi hù, kí àwọn tó ń bímọ tó jáde. Àwọn ni a ń pè ní NERICA. Ní 2004, Jones gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ogun 2002 lé ADRAO kúrò ní Bouaké lọ sí Bamako, lẹ́yìn náà sí Cotonou. Àmọ́ irúgbìn tó ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Tọkọtaya rẹ̀ ti wà nínú ilé.

Bí ẹ bá kọjá lóko ìrẹsì nígbà tó ń yọ òdòdó, ẹ bẹ onílé kó fún yín ní ṣírí kan. Ẹ fi èékánná la èèpo, kí ọmọ ka akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra rẹ̀.