Yíyan Kéèkì Ńlá Nínú Ilé

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, àwọn ìyá kan wà tí wọn kò gbà pé kéèkì tí a rà níta yẹ ọjọ́ ìbí ọmọ. Ìgbéraga díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ ju ìgbéraga lọ: ẹni tí ó po kéèkì ni ó mọ ohun tí ọmọ ń jẹ.

Títóbi rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣìnà. Páànù tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12 kì í ṣe ìlọ́po méjì ti oníǹṣì 6. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọjà Alábà kò jìnnà, ààrò onígáàsì sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lágbára rẹ̀. Nínú ìkòkò oníyanrìn tí a kó ẹyin iná lé ọmọrí rẹ̀, etí kéèkì ńlá yóò ti jóná kí àárín tó jinná. Ẹyin 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò sì ṣègbé, pẹ̀lú bọ́tà àti ṣúgà tí wọ́n ti gbówó lórí gidigidi láti ọdún 2023.

Ó sàn kí wọn yan kéékèèké mẹ́rin, kí wọn tò wọ́n pọ̀, kí wọn sì fi bọ́tà tí a lù mọ́ ṣúgà bo ojú wọn. Kí wọn má ṣe po èkejì kí èkíní tó jinná, nítorí páúdà tí ń mú un wú kì í dúró pẹ́. Àwọn kan yóò ní ẹ̀tàn ni. Nígbà tí wọ́n bá sì ń gé e fún àlejò, ojú ìsopọ̀ gan-an ni ọ̀bẹ yóò kọ́kọ́ gbà kọjá.