Àṣìṣe ara owó onírin: Èwo ló ń sọ pesewa di ohun iyebíye ní Kumasi?

Ẹni tó bá ra omi tútù tàbí ẹ̀pà ní Kejetia, ọjà ńlá ìlú Kumasi, lè gba pesewa bíi mélòó kan ní ṣẹ́ńjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò jù ú sápò láìwò ó. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri àgbáyé tí wọn kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wó a máa ṣàṣìṣe, àṣìṣe náà sì lè sọ owó kékeré di ohun tí àwọn olùkójọ owó ń wá kiri.

Ti ogún pẹ́nsì ọdún 2008 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ púpọ̀. Lọ́dún náà ni wọ́n yí àwòrán ẹ̀yìn owó náà padà, tí wọ́n sì gbé ọdún ìtẹ̀wó lọ sí ojú tí orí Ọbabìnrin wà. Wọ́n wá ṣèèṣì lo òǹtẹ̀ orí ti àtijọ́, èyí tí kò ní ọdún lára, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun. Owó tí kò ní ọdún kankan lára bẹ́ẹ̀ wọ inú ìlú. Àárín 50,000 sí 200,000 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí, àwọn olùkójọ sì ń rà á ní ìlọ́po-ìlọ́po iye tó wà lára rẹ̀.

Owó tó ṣàjèjì ju ìyẹn lọ ti kọjá lọ́wọ́ àwọn ará Kumasi àti Èkó rí. Ọba Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́ ní oṣù Kíní ọdún 1936, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kí wọ́n tó dé e ládé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi owó tó ní àwòrán rẹ̀ síta fún ìnáwó. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti tẹ kọ́bọ̀, eépìnnì àti ọ̀nínì ọdún 1936 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ihò ló wà láàárín owó wọ̀nyẹn, wọn kì í ní orí ọba lára, nítorí náà kò sí pé à ń dúró de àwòrán.

Ní ọdún 2020, ẹnì kan san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún owó wúrà kan ṣoṣo tó ní orí Edward yìí. Kọ́bọ̀ oníhò tó ní orúkọ ọba kan náà ńkọ́? Pọ́n-ùn díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà á, torí ó pọ̀ lóde. Ọ̀wọ́n ló ń sọ owó di iyebíye. Kí nǹkan kàn ṣàjèjì lásán kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí pọ̀ ní Ghana títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Kò yẹ kó yani lẹ́nu bí owó àtijọ́ bá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì ń bá wọlé: yóò ní òun fẹ́ ra owó náà ní mílíọ̀nù, àfi kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Níbo ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tajà?

Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àṣìṣe, ìpalára lásán ni. Owó tí ọkọ̀ gùn mọ́lẹ̀, tí iná jó tàbí tí wọ́n fi òòlù lù kò ní iye kan lórí. Àṣìṣe gidi ti wà lára rẹ̀ kó tó kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ: bí àwòrán kókò ara ogún pesewa bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí apá kejì sì ṣófo, tàbí bí obìnrin ọlọ́jà ara àádọ́ta pesewa bá dorí kodò nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kí èèyàn fi wé òmíràn tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún kan náà. Kó má sì fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, torí owó tí wọ́n bá ti bó lára, olùkójọ kì í fẹ́ ẹ mọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé owó onírin fúnra rẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Báńkì Ghana gbé cedi méjì onírin jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó sì fẹ́ kí owó onírin rọ́pò cedi kan àti cedi méjì oníwèé, tó máa ń tètè gbó. Àmọ́ àwọn ọlọ́jà kan kì í gba pesewa kéékèèké, bí báńkì náà tilẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé owó tó bófin mu ni. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń sanwó. (Inú ọ̀rọ̀ Akan tó túmọ̀ sí owó ẹyọ ni orúkọ cedi ti wá, owó ẹyọ náà sì ti kúrò lọ́jà tipẹ́.) Ní Nàìjíríà, náírà kan àti náírà méjì onírin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007 ti di àwátì.

Ọdún 2007 kan náà ni pesewa kan tó ní afárá Adomi lára jáde ní Ghana. Ó ti ṣọ̀wọ́n ní Kejetia báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wá àṣìṣe kiri yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọkọ̀ tròtrò àti ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, níbi tí ṣẹ́ńjì ṣì ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.