Máàkì Àárín àti Owó Ọdún Mẹ́rin

Lọ́dún 2025, JAMB fi 150 nínú 400 ṣe máàkì tó kéré jù tí ọmọ lè fi wọ yunifásítì, ó sì fi 100 sílẹ̀ fún pọ́lì. Àwọn yunifásítì ìjọba tí èrò ń wọ́ lọ kì í dúró níbẹ̀. UNILAG kì í pe ẹni tí kò bá gba 200 wá ṣe ìdánwò tirẹ̀, 200 pàápàá kì í sì í sábà gbé ọmọ dé ìdí Òfin tàbí Ìṣègùn. Ọmọ tó gba 165 tàbí 180, tó sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC, ni ọ̀rọ̀ yunifásítì aládàáni sábà máa ń kàn. Láàárín àwọn tó ń ta èso ní Kétu àti àwọn tó ń ta ata ní Mile 12, ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá wọ́n á gba ọmọ náà. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà.

Ọdún 1999 ni Babcock, Igbinedion àti Madonna gba ìwé àṣẹ. Àwọn ló ṣáájú láàárín yunifásítì aládàáni. Lónìí, irú wọn ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Owó TETFund tí ìjọba ń pín fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń san owó oṣù olùkọ́ tí wọ́n sì fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Àyè tó bá ṣófo ní kíláàsì, àdánù ni. Ọmọ tó gba 170 kì í ṣe alágbe níwájú wọn, oníbàárà ni, ó sì yẹ kí òbí rẹ̀ ná ọjà bí oníbàárà.

Owó gan-an ni ìdánwò. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbà ju mílíọ̀nù kan náírà lọ fún ọdún kan. Ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù, bí kò tilẹ̀ jẹ tí kò mu, kò lè fi rán ọmọ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́rin sì ni, márùn-ún fún Òfin àti Ẹnjiníà. Caleb wà ní Imota lẹ́yìn Ìkòròdú, Anchor wà ní Ayọ̀bọ̀; ìtòsí ń dín owó ọkọ̀ kù, kì í dín owó họ́sítẹ́ẹ̀lì kù níbi tí gbígbé inú ọgbà bá ti jẹ́ dandan.

Òfin owó àyálò akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 wà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan. Àjọ àti èsúsú ló kù, ìyẹn sì ní ọjọ́ kíkó tirẹ̀. Fún alátẹ, ilé-ìwé tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ sàn ju èyí tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ kéré, tó sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé àṣẹ yunifásítì nìkan kò tó. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ń yẹ̀ wò: ìfọwọ́sí kíkún jẹ́ ọdún márùn-ún, èyí tí kò kún jẹ́ ọdún méjì. Òfin tún nílò àṣẹ Council of Legal Education, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Law School kò ní gba ọmọ náà. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ka Òfin ní National Open University (NOUN) fún ọ̀pọ̀ ọdún, yunifásítì ìjọba sì ni.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́, nítorí orúkọ pọ́lì. Ọmọ tó bá ṣe ND ní Yabatech fún ọdún méjì, tí èsì rẹ̀ sì dáa, lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì aládàáni. Ó fi ọdún kan pẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni òbí yóò san ní owó ńlá dípò mẹ́rin. Lóòótọ́, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, ti kọ́ àwọn èèyàn pé àkókò pàápàá owó ni.

Èyíkéyìí tí àwọn òbí bá mú, kí wọ́n wo CAPS, ojúlé ìgbàwọlé JAMB lórí ayélujára, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ìgbàwọlé tí kò bá sí níbẹ̀, JAMB kò mọ̀ ọ́n.