Wáyà tó fa òpó ró ló yẹ kéèyàn náwó lé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Òwe yìí bá àwọn òpó irin gígùn tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìletò tó yí i ká mu. Láti ọdún 1959 tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ibàdàn làwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ti mọ̀ pé bí áńtẹ́nà ò bá ga, àwòrán ò ní mọ́. Lóòótọ́, àwo sátẹ́láìtì ti gba ipò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òpó gígùn ò tíì tán. Àwọn kan ṣì ń fi wo tẹlifíṣọ̀n, àwọn mìíràn ń fi gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń kọni lóminú ni pé páìpù nìkan ni ọ̀pọ̀ ń náwó lé. Tó bá kan wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fà á ró, wọ́n á lọ mú wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ táwọn bíríkìlà fi ń di irin kọnkéré, tàbí okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Òjò kì í pẹ́ mú wáyà bẹ́ẹ̀ dógùn-ún, oòrùn a sì máa sọ okùn ọ̀rá di gbígbẹ títí yóò fi já. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dàn ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà, kò sí igbó dídí tí yóò gba ìjì òjò àkọ́rọ̀ mú.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun la òkun ńlá kọjá mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, nítorí wáyà náà ló ń fa òpó ìgbòkun tiwọn ró. Bí ọ̀kan bá já láàárín agbami, òpó lè wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo irin tó ń dán, tí kì í tètè dógùn-ún. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ a máa jẹ ẹ́ níbi tójú ò tó, níbi tí wáyà ti wọ inú irin tó dì í mú. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ fi ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ọdún 10 bá ti ń pé, bó tilẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn kan ti bọ́ sórí okùn ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní Dyneema, tó fúyẹ́ ju irin lọ, tí kì í sì í dógùn-ún, àmọ́ ó fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ibi tó ti ń ha nǹkan. Àwọn mìíràn kò kúrò lórí wáyà irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Síǹkì ni ìpáàrà kọ́kọ́ ń jẹ kó tó kan irin, àwọ̀ pupa á sì ti hàn síta kí wáyà tó já.

Wáyà onísíǹkì tó nípọn yìí ló yẹ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí omi òkun níbẹ̀ tí yóò tètè jẹ síǹkì, owó rẹ̀ kò sì tó ti irin tó ń dán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó máa ń kìlọ̀ fún onílé.

Síbẹ̀, wáyà tó dára kò tó láìsí àmójútó. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1991, òpó rédíò Konstantynów lórílẹ̀-èdè Póláńdì, tó ga tó mítà 646, tó sì ga ju ohunkóhun téèyàn kọ́ láyé nígbà náà, wó lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ wáyà tó fà á ró. Àwọn tó mọṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Kí wá ni ti ọmọdé tó gun òrùlé lọ tú wáyà láìkọ́kọ́ fi òmíràn fa òpó ró?

Ìlànà wà fún òpó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ ti ẹ̀yìnkùlé wò? Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ máa rán òṣìṣẹ́ wò wọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí onílé pẹ̀lú rí i pé àyè tó wà láàárín òpó òun àti wáyà iná ju gíga òpó náà lọ, nítorí òpó tó bá wó lu wáyà iná lè pa ará ilé àti aládùúgbò. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó wáyà kò tó owó ìsìnkú.