Ọwọ́ Tí A Kàn Ń Tẹ́ Gba Ẹ̀bùn Kì í Kọ́ Èdè

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé ní Lomé, ọ̀rọ̀ arbre de Noël a gba ẹnu àwọn òbí. Iléeṣẹ́ a ṣe tirẹ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́, ilé-ìwé a ṣe tirẹ̀, ẹgbẹ́ a ṣe tirẹ̀. Wọn a dá owó jọ, wọn a rán ènìyàn lọ sí ọjà Assigamé, wọn a ra ọkọ̀ oníke, bèbí onírun gígùn àti ìbọn tí ń dún, wọn a sì fi bébà dídán wé wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, àwọn ọmọ a tò níwájú Bàbá Kérésìmesì, wọn a tẹ́ ọwọ́, wọn a gba tiwọn, wọn a sì padà sí àyè wọn. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti yọ, ìbọn kò dún mọ́, bèbí sì ti di aláìlápá.

A kò kọ̀wé yìí láti ba ayọ̀ ọmọdé jẹ́, a kò sì bá ẹni tí ó ń ta ohun ìṣeré jà. Òwò ni ó ń ṣe. Ohun tí a ń bá jà ni èrò pé ọdún ọmọdé ti pé nígbà tí a bá ti ra nǹkan fún un. A ní èrò yìí ń gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí owó kò lè rà padà, ohun náà sì ni èdè wọn. Níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ nílò: merci. Níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ bá ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, wọn kò lè ṣe é tán láìbá ara wọn sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí èdè ṣe pín ọjọ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí. Faransé ni ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé-ìwé. Mina ni ó fi ń ṣeré ní àdúgbò, òun náà ni ó sì fi ń ra nǹkan lọ́jà. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún Yorùbá ni àṣẹ àti ìbáwí: wá, lọ, jẹun, dákẹ́, lọ sùn. Ọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni ó fi ń dáhùn. Àwọn òbí a ní, “Ó ń gbọ́ ọ, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.” A kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ọmọ nìkan, tí a kì í fi bá a ṣe nǹkan kan pọ̀, kò ní ìdí tí yóò fi hù lẹ́nu rẹ̀. A lè kọ ojú, imú, ẹnu, etí sára pátákó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọ yóò kà á, yóò gba máàkì, yóò sì gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé, nítorí kò sí ohun tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ wúlò. Ẹ gbé páálí kan, okùn díẹ̀, ọparun àti ọ̀bẹ síwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í, kí ẹ sì wo iye ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò jáde. A ń gé igi, a ń rẹ́ etí páálí kí ó lè gún, a ń la ọparun sí méjì, a ń ya bébà, a ń ṣẹ́ ẹ̀ka, a ń bó èèpo, a ń lu ihò. Ọmọ tí Faransé rẹ̀ kò tíì kọjá ti kíláàsì yóò pe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní couper. Bí ó bá kan okùn, a ń so ó, a ń fi í dì, a ń fi í wé, a ń lọ́ ọ, a ń ká a, a ń ta á ní kókó. Attacher ni ọmọ yóò pè é. Kì í ṣe pé Faransé kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó ní déchirer, ó ní fendre, ó ní enrouler. Ọmọ náà ni kò tíì rí iṣẹ́ tí yóò mú un wá wọn kiri. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ ní Yorùbá kò jí nǹkan kan nínú Faransé rẹ̀. Èdè méjèèjì ni ó ń bọ́.

Etíkun tí a ń gbé yìí sì ní eré ọdún kan tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọdé ni ó gbé e ró. Àwọn tí ó dàgbà ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu mọ Kàlétà. Láàrin Kérésìmesì àti ọdún tuntun, àwọn ọmọ a kó ara wọn jọ. Ọ̀kan nínú wọn a wọ ìbòjú, wọn a fi aṣọ bo gbogbo ara rẹ̀ títí kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Àwọn yòókù a máa lu agolo àti àpótí, wọn a máa kọrin láti ojúlé dé ojúlé, àwọn àgbà a sì fún wọn ní owó wẹ́wẹ́. Èdè Potogí ni orúkọ náà ti wá: careta, èyí tí í ṣe ìbòjú tàbí ojú tí a fún pọ̀. Àwọn Àgùdà ni wọ́n mú un wá láti Brazil, àwọn ẹrú àtijọ́ àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà sí etíkun yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835, nínú èyí tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kó ipa ńlá. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, sí Àjàṣẹ́, sí Ouidah, sí Agoué. Ìdílé Olympio, tí ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Tógò ti jáde, wà lára irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Eré tí àwọn àgbà kó la òkun kọjá ni àwọn ọmọdé gbà, tí wọ́n fi páálí àti agolo sọ di tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe ń ṣe ìbòjú náà, nítorí ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń jà fún iṣẹ́ ọwọ́ lè ṣàlàyé iṣẹ́ náà. A ó fi amọ̀ mọ ojú ènìyàn, kí imú yọ, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. A ó fi epo díẹ̀ pa á lára kí bébà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. A ó po láfún mọ́ omi, a ó gbé e ka iná, a ó máa rò ó títí yóò fi ki. Láfún yìí kan náà ni àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ń sè láti fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. A ó ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, a ó máa rẹ ẹ́ sínú láfún, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ náà, ìpele lórí ìpele. Ọyẹ́ oṣù Ọ̀pẹ ni yóò bá wa gbẹ ẹ́. Bí ó bá ti gbẹ, a ó yọ amọ̀ kúrò, a ó lu ihò ojú, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó sì fi èédú, ẹfun àti osùn kùn ún. Dúdú, funfun, pupa: ọmọ ti kọ́ àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá fi ń pín gbogbo àwọ̀ ayé, láìṣí pátákó níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé lásán ni. Ẹ wo ibi tí eré ọmọdé dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a máa lu ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà ní òru àwẹ̀ láti jí àwọn ènìyàn fún sààrì. Wéré ni wọ́n ń pè é. Láti inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó ti ń kọ ọ́ láti kékeré, ti mú Fújì jáde. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1962, fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù àlòkù ṣe ìbòjú, gbogbo ayé sì wá wò ó: wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel ní ilẹ̀ Jámánì ní 2007, iṣẹ́ ńlá rẹ̀ tí ó pè ní La Bouche du Roi sì wà lọ́wọ́ British Museum ní London. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ńkọ́? UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá ìran ènìyàn ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìjọba mẹ́ta fọwọ́ sí i pé ìbòjú àwọn baba wa jẹ́ ọrọ̀ gbogbo ayé. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ìbòjú kan ṣoṣo tí ó mọ̀ jẹ́ èyí tí a já láti inú ọ̀rá.

A mọ àwọn àtakò tí yóò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọn yóò ní Kàlétà ń kọ́ ọmọ ní agbe. Rárá. Alágbe a máa tọrọ. Ọmọ Kàlétà ti ṣiṣẹ́ kí ó tó gba owó. Ó ti ṣe ìbòjú, ó ti kọ́ ìlù, ó ti jó nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó ka owó wọn, tí wọn yóò pín in, tí wọn yóò sì jiyàn lé e lórí. Bí a bá fẹ́ mọ èwo nínú àṣà méjèèjì ni ó sún mọ́ agbe, kí a wo ọmọ tí ó tò, tí ó tẹ́ ọwọ́, tí kò sì ṣe ohun kan.

Èkejì ni ti ẹ̀sìn. Àwọn òbí kan, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí, kò fẹ́ kí ọmọ wọn wọ ohun tí ó jọ eégún. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn, a kò sì ní fi ìbòjú lé ọmọ ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n ìbòjú kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ lè fi agolo àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀. Ó lè fi imọ̀ àgbọn, tí ó kún etíkun wa, hun nǹkan. Ó lè fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun kí ó fi ṣe àdìrẹ oníko. Ó lè rán àjákù aṣọ pọ̀ di àpò tí yóò gbé fún ìyá àgbà rẹ̀ nígbà Iléyá. Kò sí ẹ̀sìn tí ó ka abẹ́rẹ́ léèwọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dùn wá jù, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Òbí tí ó fi àkísà ṣe bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ fẹ́ kí ọmọ òun ní ohun tuntun tí òun kò ní. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? A kò ní kí ó má ra nǹkan. A ní kí ó má ṣe fi ohun rírà dí àyè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bọ́ọ̀lù àkísà náà jẹ́ ìmọ̀, kì í ṣe ìtìjú. Bí kò bá kọ́ ọmọ rẹ̀, kò sí ìsọ̀ tí ọmọ náà yóò ti rí i rà.

Ẹ̀kẹrin, wọn yóò ní kò sí àyè. Oṣù Ọ̀pẹ ni ọjà ń tà jù. Ìyá tí ó jí lọ sí Assigamé kò lè padà wá rò láfún lálẹ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Àwọn ìyá àgbà wà nílé tí wọ́n mọ ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n. Àwọn aránṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà wà láàrin wa tí àjákù aṣọ àti igi kún ìsọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lomé sì wà, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Yorùbá tiwọn náà ti ń fọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbọ́ níbẹ̀, ẹ lè má rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Kí a fi ìdajì owó tí a bá dá fún ẹ̀bùn ọdún ra abẹ́rẹ́, òwú, láfún àti ọ̀dà. Kí a yan ọjọ́ Sátidé méjì ṣáájú Kérésìmesì fún iṣẹ́ ọwọ́, àti méjì mìíràn ṣáájú Iléyá, kí òfin kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀: Yorùbá ni a ó fi ṣiṣẹ́. Kí ó sì jẹ́ pé ní ọjọ́ àjọ̀dún, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé ohun tí ó ṣe jáde, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe ṣe é.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbòjú náà lè wọ́, ìlù agolo lè máà dún dáadáa, àpò lè tú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tí ó bá dìde láàrin àwọn àgbà tí ó ní, “Èmi ni mo ṣe é, báyìí ni mo sì ṣe ṣe é,” ti sọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò rà fún un.