Àṣẹ Yíyàn Kì í Ṣe Tiwa

Ẹ kà: 1 Sámúẹ́lì 16:1-13

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ní Òtu àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára ìjọ Àgùdà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kárùn-ún, ọdún 2025, Káàdínà 133 wọ ilé ìsìn Sistine ní Róòmù láti yan Póòpù. Bí olúkúlùkù ti ń fi ìbò rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń pe Kristi Onídàájọ́ ṣe ẹlẹ́rìí pé ẹni tí ó tọ́ níwájú Ọlọ́run ni òun yàn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yan Leo Kẹrìnlá.

Káàdínà John Onaiyekan, ọmọ Kàbà, dìbò ní 2013, ṣùgbọ́n kò dìbò lọ́tẹ̀ yìí. Láti 1970 ni òfin ti wà pé Káàdínà tí ó bá ti pé ọmọ 80 ọdún kò gbọdọ̀ dìbò mọ́. Àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ lè dá ìmọ̀ràn nípàdé ṣáájú ìbò. Bí a bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n á dúró síta.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ wa ńkọ́? Ta ni ẹ pè ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹ yan ọmọ ìyá yín sípò, tàbí ẹni tí ó fún yín lówó? Ìgbà wo ni ẹ ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́? Sámúẹ́lì pàápàá fẹ́ ṣi ẹni yàn, Olúwa ni ó dá a lẹ́kun. Ẹni tí ń yan olórí, ìránṣẹ́ ni.

Olúwa, má ṣe jẹ́ kí a gba iṣẹ́ Rẹ ṣe. Àmín.